Wilma Mankiller: Omi Ni Ó Fi Gorí Oyè

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà Mankiller, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 'apànìyàn', lè rò pé ìnagijẹ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin àwọn Cherokee, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí ó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, oyè ogun ni, bí Balógun ti jẹ́ láàrin tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn baba ńlá Wilma ni ó sọ ọ́ di orúkọ ìdílé.

Ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ àwọn Cherokee tẹ́lẹ̀. Ní 1838 sí 1839, ìjọba fi ọmọ ogun lé wọn lọ sí Oklahoma, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú. Ní Tahlequah, olú ìlú wọn tuntun, ni a bí Wilma ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, ọdún 1945. Òun ni ìkẹfà nínú ọmọ mọ́kànlá. Ilé wọn kò ní iná mànàmáná, kò sì ní omi ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ omi yìí sọ́kàn.

Ní 1956, ètò ìjọba àpapọ̀ tí ń kó àwọn onílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá gbé ìdílé náà lọ sí San Francisco. Ibẹ̀ ni Wilma ti lọ́kọ, tí ó sì bí ọmọbìnrin méjì. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ onílẹ̀ gba erékùṣù Alcatraz ní 1969 láti fi béèrè ẹ̀tọ́ wọn, ojú rẹ̀ là. Lẹ́yìn tí ìgbéyàwó náà tú ká, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sílé. Ní 1979, ìjàm̀bá ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Àìsàn iṣan tún tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, kò jókòó.

Ní abúlé Bell, ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń pọnmi láti òkèèrè. Wilma kò gbé agbaṣẹ́ṣe wá. Ó pín iṣẹ́ fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, àwọn ará abúlé sì fi ọwọ́ ara wọn ri páìpù tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 16. Iṣẹ́ yìí ni ó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Ní 1983, Olóyè Àgbà Ross Swimmer yàn án ní igbákejì láti bá a díje. Àwọn kan yarí pé obìnrin ni. Wọ́n gé taya ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì halẹ̀ ikú mọ́ ọn. Wọ́n ti gbàgbé ìtàn ara wọn: ìran ìyá ni àwọn Cherokee fi ń mọ agbo ilé ọmọ, àti ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, obìnrin kan tí ń jẹ́ Nanyehi ní àṣẹ láti dá ẹ̀mí ẹni tí a mú lójú ogun sí. Wilma wọlé. Nígbà tí Swimmer lọ ní 1985, Wilma di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ Olóyè Àgbà. Ó borí nínú ìdìbò ní 1987, ó sì tún borí ní 1991 pẹ̀lú ìbò tí ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n òpìtàn kì í bo àbùkù mọ́lẹ̀. Àwọn Cherokee ti fi ọmọ Áfíríkà ṣe ẹrú rí; àdéhùn 1866 sì fún àwọn tí a dá sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Nínú ìdìbò 1983 yẹn gan-an, a kò jẹ́ kí àtọmọdọ́mọ wọn dìbò. Ìṣàkóso Wilma kò tún un ṣe. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn láre. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ti sẹ́yìn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin kò ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí a tì síta nítorí ìran wọn.

Wilma kò díje mọ́ ní 1995. Ààrẹ Bill Clinton fún un ní àmì ẹ̀yẹ ní 1998. Ó sì kú ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, ọdún 2010. Ní 2022, Amẹ́ríkà ya àwòrán rẹ̀ sára owó ẹyọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí lọ́la, ẹ má wo ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù. Ẹ wo ẹni tí ó ti pọnmi rí, tí kò sì gbàgbé bí òùngbẹ ti rí.