Computer Village Ìkẹjà: Báwo ni àdúgbò tí wọ́n kọ́ fún ìgbé ṣe di ọjà kọ̀ǹpútà, ṣé yóò sì ṣe é kó lọ síbòmíràn?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ dánfó ní ìlú Èkó pé níbo ni ẹ ti lè rí ẹni tó máa tún fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣe, kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá yín lóhùn. Computer Village ní Ìkẹjà ni yóò júwe.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ná ọjà níbẹ̀ lónìí ni kò mọ̀ pé wọn kò kọ́ àdúgbò náà fún ọjà rárá. Ilé ìgbé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí gómìnà kankan tó fi ìpìlẹ̀ ọjà náà lélẹ̀, kò sì sí àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ yà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kíkó o lọ síbòmíràn fi di ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ fún ọdún gbọọrọ, síbẹ̀ tí ọjà náà ṣì wà lójú kan.

Ìtàn yìí kan ìlú mìíràn pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìjọba ní Áfíríkà ló ń kọ́ ìlú ìmọ̀ ẹ̀rọ báyìí. Orílẹ̀-èdè Benin ní Sèmè City. Kenya bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Konza, lẹ́yìn odi ìlú Nairobi, ní ọdún 2013. Ilé àti ọ̀nà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá ń retí àwọn ènìyàn. Ní Ìkẹjà, àwọn ènìyàn ló kọ́kọ́ dé.

Irú ibo ni Ìkẹjà jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé?

Àwọn Àwórì ló tẹ Ìkẹjà dó. Ojú irin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì là láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901, gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni pápákọ̀ òfurufú tún dé sí ìtòsí rẹ̀.

Nígbà náà, Ìkẹjà kì í ṣe ara Èkó ní ti ìṣèjọba. Abẹ́ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló wà, ìjọba ẹkùn náà ló sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ìkẹjà di ara rẹ̀. Ní ọdún 1976, ó di olú ìlú ìpínlẹ̀ náà.

Nípa bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́rin ló ti pàdé ní Ìkẹjà kí ẹnikẹ́ni tó gbé kọ̀ǹpútà wá síbẹ̀: pápákọ̀ òfurufú, ilé-iṣẹ́, ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá, àti àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ tó rí jájẹ. Òpópónà Otigba, Pepple àti Ola-Ayeni wà lára àwọn ibi tí ìdílé ń gbé láàárín wọn.

Báwo ni ọjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Láyé ìgbà kan, ilé ìfowópamọ́, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì àti ọ́fíìsì ìjọba ló sábà máa ń ní kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà. Owó rẹ̀ wọ́n, ó sì tún gun òkè sí i lẹ́yìn tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ láti ọdún 1986.

Láàárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn ọ̀dọ́ kan gba ṣọ́ọ̀bù ní Otigba. Àwọn kan ń tún ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe, àwọn mìíràn ń ta yíǹkì àti bébà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé èèyàn lè ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà láti Dubai tàbí China, kó tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀ ní Ìkẹjà, kó sì tà á ní iye tó kéré sí ti ilé-iṣẹ́ òkèèrè.

Báyìí ni onílé kan ṣe wó fẹ́ǹsì rẹ̀, tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú. Onílé kejì rí owó tó ń wọlé, òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Gáréèjì di ṣọ́ọ̀bù, pálọ̀ di ibi ìkẹ́rùsí.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni gbogbo nǹkan wá yí padà, nígbà tí Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GSM. Kó tó di ìgbà náà, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500,000, fún àwọn ènìyàn tó lé ní 100 mílíọ̀nù. Lójijì, gbogbo ènìyàn ń wá fóònù, bátìrì, ṣájà àti ẹni tó máa tún un ṣe. Otigba ni wọ́n gbà lọ.

Kí ló mú kí ọjà náà dúró?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Oyelaran-Oyeyinka ṣe ìwádìí nípa Otigba, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2006. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nídìí òwò náà ló kàwé gboyè, àti pé bí wọ́n ṣe sún mọ́ ara wọn ló jẹ́ kí ìmọ̀ tètè máa tàn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù.

Ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ fún wákàtí kan yóò rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tí ọlọ́jà kan kò ní, kò ní sọ pé kò sí. Yóò ní kí oníbàárà jókòó, yóò rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù kejì láti gbà á wá láìsan kọ́bọ̀. Bó bá tà á tán, yóò dá owó olówó padà, yóò sì mú èrè tirẹ̀. Kò sí ìwé àdéhùn. Ojú tí wọ́n jọ ń rí lójoojúmọ́ ni ẹ̀rí.

Bákan náà ni iṣẹ́ kíkọ́. Àwọn ọmọ Ìgbò mú ètò tiwọn wá, nínú èyí tí ọmọ yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kí ọ̀gá tó dá a sílẹ̀ pẹ̀lú owó òwò. Àwọn Yorùbá mú ti wọn wá, níbi tí òbí ti ń san owó ẹ̀kọ́, tí ọmọ sì ń ṣe fríídọ̀ọ̀mù nígbà tó bá mọ iṣẹ́ tán. Méjèèjì jọ wà ní òpópónà kan náà.

Ní ọdún 2019, Ìyálọ́jà gbogbogbò, Folashade Tinubu-Ojo, fi ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà jẹ ní Computer Village. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà fárígá. Wọ́n ní àwọn ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, bíi CAPDAN, àti pé ọjà ìmọ̀ ẹ̀rọ kò rí bí ọjà ata. Ìjà náà fi hàn pé àwọn tó dá ọjà sílẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ kì í tètè gba ẹni tí wọ́n bá fi jẹ olórí lé wọn lórí.

Kí ni ó ná àwọn tó ń gbé ibẹ̀?

Èrè wà, ìnira náà sì wà. Onílé tó fi ilé rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù rí owó ju èyí tí ayálégbé lè san lọ. Àmọ́ ayálégbé ní láti kó jáde, nítorí kò lè bá oníṣòwò du owó ilé.

Fún ìdílé tó bá ṣẹ́kù, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti àwọn tó ń fa oníbàárà kì í jẹ́ kí ojú ríran oorun. Ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà, gọ́tà sì kún. Àwọn gbájúẹ̀ náà kò gbẹ́yìn: kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìtàn ẹni tó ra fóònù tuntun ní Ìkẹjà, tó délé tó bá ọṣẹ tàbí fùfú nínú páálí.

Èyí tó tún burú jù ni pàǹtí. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde nípa Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bíi kọ̀ńténà 500 ẹ̀rọ àlòkù ló ń gba èbúté Èkó wọlé lóṣooṣù, àti pé ohun tó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni kò ṣe é tún ṣe mọ́. Orí ààtàn ni irú wọn ń já sí, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun wọ́n. Òjé àti májèlé mìíràn tó wà nínú wọn ń wọ inú ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí.

Ṣé wọ́n lè kó ọjà náà lọ sí Katangowa?

Ohun tí ìjọba Èkó ń sọ nìyí: àdúgbò ìgbé ni wọ́n yà sọ́tọ̀ níbẹ̀, ó ti kún jù, ó sì yẹ kí ọjà náà lọ sí Katangowa, ní ìhà Agbado Oke-Odo, níbi tí àyè wà. Láti ìjọba dé ìjọba ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ yọ.

Ẹ̀sùn ìjọba kì í ṣe irọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níbẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù tó ń ba àwọn ọlọ́jà náà nídìí. Ẹni tó lówó yóò ra ṣọ́ọ̀bù ní Katangowa. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lórí tábìlì lábẹ́ agboòrùn? Bí àwọn kan bá lọ, tí àwọn kan dúró, ta ni ọlọ́jà yóò rán ọmọṣẹ́ sí láti gba ọjà láìsan owó?

Ní báyìí, ọkọ̀ ojú irin Red Line, tí Ààrẹ Bola Tinubu ṣí ní oṣù Kejì ọdún 2024, ní ibùdókọ̀ ní Ìkẹjà. Ìyẹn yóò tún mú kí ó rọrùn fún oníbàárà láti dé ibẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ohun tí ìtàn Otigba kọ́ wa ni pé ṣọ́ọ̀bù ṣe é wó, ṣọ́ọ̀bù sì ṣe é kọ́, àmọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé tó wà láàárín ẹni tó ń tà, ẹni tó ń tún un ṣe àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò ṣe é kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ìjọba tó bá fẹ́ kí wọ́n kó lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú gbogbo wọn, títí kan ẹni tí kò ní ju tábìlì kan lọ, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe jọ lọ àti iye tí wọn yóò san. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé tuntun yóò wà ní Katangowa, ọjà yóò sì tún hù ní òpópónà mìíràn tí kò sí ẹni tó ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún un.