Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ̀n Ara: Ohun Tó Lè Ṣe fún Iṣan Tó Ń Ro Èèyàn, àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ẹ̀rọ kan wà tó jọ ìbọn ìléwọ́, tí orí rẹ̀ rí roboto bíi bọ́ọ̀lù kékeré. Wọ́n á ṣáájì rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣáájì fóònù, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, orí náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ẹran ara kíkankíkan. Massage gun ni wọ́n ń pè é. Nínú àwọn jíìmù tó wà ní GRA Ìlọrin, kì í ṣe nǹkan àjèjì mọ́. Àwọn tó ń sáré láàárọ̀ àti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lópin ọ̀sẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eléré ìdárayá nìkan ló ń lò ó báyìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́ ń gbé e lé èjìká, awakọ̀ ń gbé e lé ìbàdí, ọmọ tó wà lókè òkun sì ń fi ránṣẹ́ sí bàbá tí ẹ̀yìn ń dùn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti gba ìfarabalẹ̀, torí ẹni tí itan ń ro lẹ́yìn eré ìdárayá àti ẹni tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ọdún mẹ́ta, ohun tó ń ṣe wọ́n ò jọra, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n gbé dání.

Bí ọmọdé bá fi ojúgun gbá àpótí, ohun tí ìyá rẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣe ni kó fọwọ́ ra ibẹ̀, ìrora á sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Kí ló fà á? Ní 1965, Ronald Melzack, ọmọ Kánádà, àti Patrick Wall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé ó dà bíi pé ẹnu ọ̀nà kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tí ìròyìn ìrora gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó dé ọpọlọ. Iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé ìròyìn fífọwọ́kàn àti ìgbọ̀n yára ju àwọn tó ń gbé ìrora lọ. Tí ìròyìn ìgbọ̀n bá ti kún ẹnu ọ̀nà yẹn, ìrora ò ní ráyè kọjá bó ṣe fẹ́, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá dí pa ní Post Office nírọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Wọ́n ti ṣàtúnṣe sí àlàyé náà láti ìgbà yẹn, àmọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì dúró. Ìyẹn ni pé ìgbọ̀n ń dí ọ̀nà mọ́ ìrora ni. Kò tíì wo ohun tó fa ìrora náà.

Àwọn tó rò pé ohun tuntun ni ẹ̀rọ yìí máa yà á lẹ́nu pé ó ti pẹ́. Láàárín ọdún 1880 sí 1890 ni dókítà kan ní London, Joseph Mortimer Granville, ṣe ẹ̀rọ oníná tó ń gbọ̀n, tó sì ń gbé e sára àwọn tí ìrora iṣan ń bá jà. Ní Paris, gbajúgbajà dókítà Jean-Martin Charcot kíyè sí i pé àwọn tó ní àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, máa ń sọ pé ara tu àwọn tí wọ́n bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin ọ̀nà jíjìn dé. Ó ṣe àga kan tó ń mì jìgìjìgì fún wọn, ó sì ròyìn rẹ̀ ní 1892. Àwọn oníṣègùn ní Chicago padà sórí ọ̀rọ̀ àga yìí ní 2012. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn kan jókòó sórí àga tó ń gbọ̀n, kí àwọn mìíràn jókòó sórí irú àga kan náà tí kò gbọ̀n. Ara tu àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ olówó gọbọi, kó kọ́kọ́ ronú sí èyí dáadáa: ìsinmi, ìfọ̀kànbalẹ̀ àti ìgbàgbọ́ pé nǹkan á ṣiṣẹ́ wà lára ohun tó ń mú ara tuni.

Ìyẹn ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ní Sweden, Thomas Lundeberg àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìgbọ̀n sára èèyàn 366 tí iṣan àti egungun ń ro, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1984. Nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá wọn ló sọ pé ìrora dín kù nígbà tí ẹ̀rọ náà wà lára wọn.

Ti ara ríro lẹ́yìn eré ìdárayá ńkọ́? Ẹni tó bá gbé irin ní Mọ́ńdè, tó sì jẹ́ pé ó ti pẹ́ tó ti gbé e kẹ́yìn, ó lè jẹ́ Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè ni itan ò ní jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìrora yìí máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, lẹ́yìn náà á lọ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe àìsàn. Ẹran ara ló bó díẹ̀díẹ̀ nínú, tó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ní India, wọ́n ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 pẹ̀lú obìnrin 45. Wọ́n fi ìgbọ̀n sí apá àwọn kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó ṣe eré ìdárayá, wọ́n sì fọwọ́ wọ́ apá àwọn mìíràn fún ìṣẹ́jú 15. Ìrora àwọn méjèèjì dín kù ju ti àwọn tí wọn ò ṣe nǹkan kan fún lọ. Ní Austria, Andreas Konrad àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo massage gun fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ọkùnrin 16 ní 2020. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn rọ̀ sí i, ó ń ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ agbára ẹsẹ̀ wọn ò fi nǹkan kan lé e. Nítorí náà, ẹni tó ń polówó rẹ̀ pé ó ń sọ èèyàn di alágbára ń fi owó ẹlòmíràn ṣeré.

Ká sọ tòótọ́, ọwọ́ àti òrí tí àwọn ìyá àgbà fi ń wọ́ ara ọmọ àti aboyún tó bímọ ṣì ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Àǹfààní ẹ̀rọ ni pé kì í rẹ̀ ẹ́, èèyàn sì lè dá lò ó láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Lílò rẹ̀ ò le. Orí tó rọ̀ jù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ látorí ìgbọ̀n tó kéré jù. Ẹran ara ni wọ́n ń gbé e lé: itan, ìdí, ẹ̀yìn ojúgun, èjìká níbi tí ẹran ti pọ̀. Wọn kì í gbé e lé egungun, oríkèé, ọ̀pá ẹ̀yìn, ikùn tàbí ọ̀nà ọ̀fun. Kí wọ́n jẹ́ kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ lórí ẹran náà láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú kan sí méjì lójú kan sì ti tó. Àwọn ẹ̀rọ ńlá kan lè lu ara tó ìgbà 2,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí orí wọn sì máa wọlé jáde tó mílímítà 16. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń tẹ̀ mọ́ ara. Tó bá ń dunni, kí wọ́n gbé e kúrò. Èrò pé bó bá ṣe ń dunni tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ tó, tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ jíìmù, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní 2021, àwọn oníṣègùn tẹ ìròyìn obìnrin ọmọ ọdún 25 kan jáde ní China. Ó gun kẹ̀kẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, olùkọ́ eré ìdárayá rẹ̀ sì gbé massage gun lé itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni itan bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó burúkú, ẹ̀jẹ̀ sun sábẹ́ awọ ara rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì wá dúdú bíi tíì. Ẹran ara rẹ̀ ló ń fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan tí àwọn dókítà ń pè ní rhabdomyolysis, tó lè ba kíndìnrín jẹ́. Ilé ìwòsàn ló ti rí ìwòsàn. Ní 2022 ẹ̀wẹ̀, àwọn dókítà kọ̀wé nípa ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbé e lé ọrùn léraléra, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ sì ya nínú. Irú èyí ò wọ́pọ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ bá yí padà sí dúdú lẹ́yìn eré ìdárayá tàbí lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí, ọ̀nà ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ́jọ́ náà. Ooru Ìlọrin láàárín Mááṣì sí Épírù tún máa ń mú omi tán lára. Ẹni tó ti làágùn púpọ̀ gbọ́dọ̀ mu omi kó tó ronú ẹ̀rọ rárá.

Èyí tó léwu jù ni ìrora tó jọ ti iṣan àmọ́ tí kì í ṣe ti iṣan. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ sì ń ro, pàápàá lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn tàbí iṣẹ́ abẹ, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ lù ú, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já kó sì gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn sì ń pa èèyàn. Ẹni tó jẹ́ SS náà, ìrora rẹ̀ kì í ṣe ti àárẹ̀; ẹ̀jẹ̀ ni ò ráyè kọjá, ìgbọ̀n sì lè mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké fún sí i. Kó má gbé e sára láì béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ẹ̀yìn tó ń dùn tó sì ń mú kí ẹsẹ̀ kú, tàbí tí èèyàn ò lè mú ìtọ̀ mọ́ra mọ́, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Àwọn mìíràn tó gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó lò ó ni aboyún, ẹni tó ń lo òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí ọkàn rẹ̀, àti ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kú, torí kò ní mọ̀ tó bá ń pa á lára. Ẹni tí egungun rẹ̀ dá, yálà ilé ìwòsàn ló lọ tàbí ọ̀dọ̀ ató-eegun, kó má gbé e súnmọ́ ibẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ìgbọ̀n tó pọ̀ jù ń ba ọwọ́ jẹ́. Ní 1918, dókítà Alice Hamilton lọ wo àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ òkúta ní Bedford, Indiana, ní Amẹ́ríkà, ó sì rí i pé ìka wọn ti ń funfun, ó ti ń kú. Ìlọrin, ìlú tí wọ́n ní ara òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ni orúkọ rẹ̀ ti wá, kò ṣàìní àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin títí dòní, àtàwọn tó ń lu kọnkéré. Tí ìka irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti ń kú lálẹ́, ìsinmi kúrò nídìí ẹ̀rọ ló nílò. Massage gun á fi kún un ni.

Ẹ̀ka físíò wà nílé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, UITH, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Jẹ́bà. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sọ́dọ̀ aládàáni lè béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ MRTB, àjọ tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀; kò sí ìwà àìlọ́wọ̀ nínú ìyẹn. Kí ó sọ ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ náà, àti bóyá ó máa ń jí i lóru. Tó bá sì ti ra ẹ̀rọ kó tó lọ, kó gbé e dání. Físíò á fi ibi tó yẹ kó gbé e lé hàn án, àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ gbé e dé.