Ẹsẹ̀ Mọ́tò àti Ojú Ọ̀nà: Ìtàn Píkọ́ọ̀pù Àtijọ́ ní Sàngó-Ọ̀tà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ọ̀nà tí ìjọba ń ṣe fún ará ìlú, kí ó má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà. Kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ píkọ́ọ̀pù tí ó ti lé ní ogún ọdún, tí ó sì ń kẹ́rù láàárín Sàngó, Ọ̀tà àti Ìdírókò. Bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì tí ó ti jẹ, sípíríǹgì tí ó ti ṣẹ́, bọ́ṣì tí rọ́bà rẹ̀ ti ya, ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ kì í gbàgbé ọ̀nà tí ó gbà.

Ohun tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ẹsẹ̀ mọ́tò ni àwọn irin àti rọ́bà tí ó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, tí ó sì ń fara gba kòtò kí ó tó dé ara èrò àti ẹrù. Sítíárìn ní tirẹ̀ ni ó ń gbé àṣẹ ọwọ́ awakọ̀ dé ọ̀dọ̀ táyà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọkọ̀ yóò rọra dúró. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì bá já lórí eré, ọkọ̀ kò ní gbọ́ ti awakọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí fi kọjá ọ̀rọ̀ irin. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe di tiwa. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà: Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní Èkó. Owó epo rọ̀bì ń wọlé nígbà náà, ìlérí sì pọ̀. Wọ́n ní bí a ti ń to ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa kọ́ bí a ṣe ń rọ ẹ̀yà ara rẹ̀, títí a ó fi máa ṣe é fúnra wa. Ní ọdún 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì tí ó fi ara ti Èkó, di ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń wá ilẹ̀ sí. Irin, bébà, ike àti oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Ọkọ̀ àjàgbé ń gbé ẹrù ńlá, píkọ́ọ̀pù sì ń gbé ìyókù: pákó, sìmẹ́ǹtì, omi, adìẹ, àti àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá.

Ìlérí ọjọ́ náà kò ṣẹ. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara ọkọ̀ ṣì ti ń wá nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP dé ní ọdún 1986. Náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára olùkọ́, oníṣòwò kékeré àti àgbẹ̀. Ìgbà náà ni ọkọ̀ àlòkù láti òkè òkun gba ìgboro. Yorùbá fún un ní orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí lẹ́yìn odi: Tòkunbọ̀. Púpọ̀ nínú wọn gúnlẹ̀ sí Kútọnu, wọ́n sì gba ẹnubodè wọlé. Ìdírókò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè wọ̀nyí, ọ̀nà rẹ̀ sì já sí Sàngó, níbi tí ó ti pàdé ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Kò yani lẹ́nu pé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ gbilẹ̀ ní oríta náà.

Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Hilux ní ọdún 1968. Ọ̀pọ̀ èyí tí ó jáde ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 ni a ṣe ní ọ̀nà tí mẹkáníìkì fi lè tú u palẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúró lórí sípíríǹgì oní-irin pẹlẹbẹ tí a tò lé ara wọn. Níwájú, irin gbọọrọ kan wà tí ń lọ́ díẹ̀ nígbà tí táyà bá wọ kòtò, tí yóò sì tún na ara rẹ̀ padà. Bí bọ́ṣì kan bá jẹ, bọ́ṣì náà nìkan ni a ó pààrọ̀. Ìdí nìyí tí píkọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ fi pẹ́ láyé ju ọ̀pọ̀ ìlérí ìjọba lọ.

Ọwọ́ àwọn tí ó ń tún un ṣe kì í sì í ṣe ọwọ́ òfìfo. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ̀ pé irin sípíríǹgì dára. Wọ́n ń fi iná sí i, wọ́n sì ń fi í rọ àdá àti ọkọ́. Ọmọ Ògún ni alágbẹ̀dẹ, ọmọ Ògún ni awakọ̀, ọmọ Ògún náà sì ni mẹkáníìkì. Ọmọ iṣẹ́ ń sin ọ̀gá fún ọdún bíi mélòó kan kí ó tó gba fírídọ̀ọ̀mù. Ojú, etí àti ọwọ́ ni ìwé rẹ̀. Yóò gbé ọkọ̀ sókè, yóò di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, yóò sì mì ín. Bí ó bá ń yẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì tàbí bíárìn ni. Yóò dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ó bá ń mì, kí ó wo táì rọ́ọ̀dù àti àwọn irin sítíárìn yòókù.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí àìní bí ní ààlà. Nígbà tí ojúlówó ẹ̀yà ọkọ̀ wọ́n, àwọn kan ń gé rọ́bà táyà àtijọ́ ṣe bọ́ṣì. Èyí lè gbé ọkọ̀ délé. Àwọn mìíràn a máa ṣí bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì tí ó ti jẹ, wọn a fi ike há a nínú, wọn a sì jó o pa. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe mọ́, ikú tí a fi pamọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi irin kún sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ru ẹrù méjì. Sípíríǹgì lè gbà á, ṣùgbọ́n bíréèkì, bíárìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì kò gbọ́ sí àdéhùn náà.

Ìjọba kò lè fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n dá àjọ FRSC sílẹ̀ ní ọdún 1988 láti dín jàǹbá ojú pópó kù. Láti oṣù Kínní ọdún 2017, wọ́n fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Òfin lè dí ẹnubodè, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọkọ̀ àtijọ́ di tuntun. Bí rírọ́pò ọkọ̀ bá ti ń ṣòro sí i, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó wà nílẹ̀ yóò máa pẹ́ sí i lójú pópó. Ìwé tí ó ní ọkọ̀ yẹ fún ìrìn kò sì níye lórí bí ẹnikẹ́ni kò bá wo abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ní àṣẹ láti yẹ ọkọ̀ wò gbọ́dọ̀ fọwọ́ mi táyà. Àjọ SON gbọ́dọ̀ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì tí wọ́n ń tà lọ́jà bí àjọ NAFDAC ti ń wo oògùn. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì náà sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ohun tí a kì í jó pa, kí wọ́n tó fún un ní fírídọ̀ọ̀mù.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, ẹ má dúró de ìjọba. Bí sítíárìn bá ń gbọ̀n, bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí táyà bá ń jẹ lápá kan ju èkejì lọ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá tú sípíríǹgì, ẹ padà lọ kí wọ́n tún àwọn bóòtù rẹ̀ fún lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ táì rọ́ọ̀dù, ẹ ṣe aláímẹ́ǹtì. Bí mẹkáníìkì bá sì sọ pé òun kò ní jó bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì pa, pé tuntun ni kí ẹ rà, ẹ má pè é ní ọ̀jẹun. Ẹni tí ó ń fi òótọ́ gbà yín lọ́wọ́ ikú nìyẹn.