Pákó (tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé)

Ẹ̀yà ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀-orúkọ. Ohùn: òkè, òkè. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn: là, fá, tò, tẹ́, kàn, kùn.

Ìtumọ̀: 1. Igi tí a ti fi ayùn là sí pẹlẹbẹ, ìbáà ṣe fún òrùlé, ilẹ̀kùn, àga tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. 2. Lẹ́nu àwọn tí ń kọ́ ilé tuntun ní Èkó lóde òní: ohunkóhun tí ó ní àwọ̀ igi, tí a tẹ́ sí yàrá dípò táìsì. Ìtumọ̀ kejì yìí ni ó ń dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàárín onílé àti oníṣẹ́ ọwọ́, òun sì ni àlàyé yìí dá lé.

Nínú gbólóhùn: “Ẹ bá wa tẹ́ pákó sí yàrá òkè, kí ẹ fi táìsì sí ti ìsàlẹ̀.” “Ọ̀gá káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé pákó yìí ti gbẹ?” “Ó ti gbẹ lóde, Mà, inú rẹ̀ ni ó kù.”

Nípa ohùn. Pákó kì í ṣe pákò, tí a fi ń fọ eyín. Pátákó ni pákó tí a tò pọ̀ láti kọ nǹkan sí lára, nígbà tí pátákò jẹ́ ti ẹsẹ̀ ẹṣin àti màlúù. Ẹni tí ó bá ń tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí fóònù láìfi àmì sí i lè rò pé àyíká ọ̀rọ̀ yóò gba òun. Ó sábà máa ń gbà á.

Pákó àti àjà. Nínú ilé àtijọ́ ní Èkó, òkè ni pákó ilẹ̀ máa ń wà. Ilẹ̀ tí a lù mọ́lẹ̀, tàbí sìmẹ́ǹtì nígbà tí ó yá, ni ó wà ní ìsàlẹ̀. Àjà ni a ń pe ohun tí ó pín òkè níyà sí ìsàlẹ̀: ẹni tí ó wà lábẹ́ gbé ojú sókè, ó rí i bí òrùlé yàrá, ẹni tí ó wà lókè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ilẹ̀. Àwọn Àgùdà tí ó padà dé láti Bùràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà, kọ́ irú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ sí Erékùṣù Èkó. Orí ìtì igi ni pákó wọn jókòó lé, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i lókè àti nísàlẹ̀.

Sùúrùlérè yàtọ̀. Àjọ LEDB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Èkó ní 1955, ó sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, sìmẹ́ǹtì sì ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Pákó kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀, ó kù sí òrùlé àti ilẹ̀kùn. Ní báyìí tí a ń wó irú ilé wọ̀nyẹn láti kọ́ ilé alájà mẹ́ta mẹ́rin sí ipò wọn, pákó ti ń padà bọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n orí kọnkéré ni ó ń padà sí. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà. Ibùjókòó ohun tí ó ń dárúkọ ni ó yí padà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò.

Ilé pákó, ajépákó. Ilé pákó túmọ̀ sí àtíbàbà tí a fi pákó kàn, irú èyí tí ó wà lórí omi ní Makoko. Láti inú èrò ìṣẹ́ yìí ni ọmọ pákó àti ajépákó ti wọ ẹnu àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì jẹ́ òdì kejì ajébọ́tà. Ẹnà ìgboro ni wọ́n, wọn kò yẹ nínú ìwé àṣẹ. Ó panilẹ́rìn-ín pé ajébọ́tà ni ó ń fi owó ra pákó sílẹ̀ yàrá rẹ̀ nísinsìnyí.

Odindi pákó àti àwọ̀ pákó. Èyí tí a ń tà nínú páálí pẹ̀lú orúkọ laminate kì í ṣe pákó ní ìtumọ̀ àkọ́kọ́. Èérún igi tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ ni, tí a lẹ àwòrán igi mọ́ lójú. Ó ní àǹfààní tirẹ̀: ó yá láti tẹ́, kò sì wọ́n tó igi. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú rẹ̀, yóò wú, a kò sì lè ha ojú rẹ̀ láti tún un ṣe. Odindi pákó tí ó nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì kan ṣe é ha lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó tán. Nínú ìwé àdéhùn, kí a kọ odindi pákó, kí a sì dárúkọ igi náà. “Pákó tó dára” kò túmọ̀ sí ohunkóhun.

Orúkọ igi. Níbí ni èdè Yorùbá ti jẹ́ olùkọ́ fún ayé: iroko, idigbo, opepe, afara àti abura tí àwọn oníṣòwò igi ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ sínú ìwé wọn, ẹnu Yorùbá ni wọ́n ti gbà wọ́n. Ìrókò le, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ní òkúta nínú tí yóò ba ehín ayùn jẹ́, eruku rẹ̀ a sì máa yún ènìyàn ní imú àti ara. Òpèpè wúwo, ó pọ́n bí ọsàn, a fi ń ṣe èbúté pàápàá. Àpá kì í fẹ̀ tàbí sún kì púpọ̀, nítorí náà ó bá ilẹ̀ mu gan-an. Ìdígbò rọrùn láti gé. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ìṣó irin bá kan án nígbà tí ó tutù, àpá dúdú yóò yọ lójú rẹ̀. Arère kò yẹ fún ilẹ̀ rárá: gìgísẹ̀ bàtà obìnrin tó láti dá ihò sí i.

Gbẹ. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà. Ní Òkò Bàbá, etí ọ̀sà ní Ẹ̀bùtè Mẹ́ta, níbi tí omi ti máa ń gbé ìtì igi tí a so pọ̀ dé ilé ayùn tẹ́lẹ̀, ọlọ́jà a máa pe pákó ní gbígbẹ nígbà tí ojú rẹ̀ kò bá rin mọ́. Fún káfíńtà òrùlé, ó gbẹ bí ó bá ti fúyẹ́. Fún ẹni tí ń tẹ́ ilẹ̀, kò sí gbígbẹ tí ó dá dúró: pákó gbẹ nígbà tí omi inú rẹ̀ bá bá afẹ́fẹ́ yàrá tí yóò máa gbé dọ́gba.

Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá jẹ́ ìdá 80 nínú 100, bí ó ti máa ń rí ní Èkó nígbà òjò, omi inú pákó yóò dúró sí bí ìdá 16 nínú 100 ìwọ̀n igi náà. Bí a bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, tí ọ̀rinrin sì wálẹ̀ sí ìdá 50, omi yẹn yóò sọ̀ sí bí ìdá 9. Nítorí èyí, pákó tí ó fẹ̀ ní mìlímítà 90 yóò sún kì ní bíi mìlímítà 1. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n yàrá tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12 gba irú pákó bẹ́ẹ̀ tó 40, gbogbo oríkèé wọn ni yóò sì yanu. Ní àdúgbò tí iná mànàmáná ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù yóò ṣiṣẹ́ lónìí, yóò dákẹ́ lọ́la, pákó yóò sì máa fẹ̀, yóò máa sún kì pẹ̀lú rẹ̀. Gígùn igi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Fífẹ̀ rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí a fi ń fi àyè mìlímítà 10 sí 15 sílẹ̀ létí ògiri, tí pákó ẹsẹ̀ ògiri yóò bò mọ́lẹ̀, ìdí nìyí pẹ̀lú tí pákó fi gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn, kí a tó tẹ́ ẹ.

Kọnkéré náà ní láti gbẹ. Ìṣirò àwọn oníṣẹ́ ni oṣù kan fún íńṣì kan, èyí túmọ̀ sí oṣù mẹ́rin fún íńṣì mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá dà á nígbà òjò. Kí a lẹ ọ̀rá tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ mọ́ ilẹ̀ ní gbogbo etí rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí òógùn bá wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí bí ojú kọnkéré bá ṣú, kò tíì yá. Ní ìsàlẹ̀ ilé, pàápàá ní àwọn òpópónà tí ilẹ̀ wọn rẹlẹ̀, ọ̀rá nínípọn gbọ́dọ̀ wà láàárín pákó àti ilẹ̀, kí a sì ti da oògùn ikán kí a tó da kọnkéré.

Tò, tẹ́, kàn. A ń tẹ́ pákó bí a ti ń tẹ́ ẹní, nítorí pé ojú rẹ̀ ni a ń wá. Tò ń sọ nípa ètò ìlà. Kàn sì jẹ́ ti ìṣó nìkan. Ẹni tí ó sọ pé òun “kan ilẹ̀” ń sọ ti pákó tí a fi ìṣó mú mọ́ igi abẹ́. Pákó ọjà, irú èyí tí a ń rí ní Amù ní Mushin, máa ń gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ ní íńṣì 12. Kí a má tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí yóò ká etí sókè bí ewé gbígbẹ. Bí a bá là á sí mẹ́ta, tí a fá a, tí a gbẹ́ ahọ́n sí etí kan àti ihò sí etí kejì, íńṣì mẹ́ta ààbọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò kù. Yàrá 12 sí 12 yóò gba bí 15 tàbí 16 pákó ọjà, pẹ̀lú èyí tí yóò ṣòfò nígbà gígé.

Ha, dán, kùn. Kí sáńpépà tó dé, ewé ipin ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń ha igi àti igbá dán. Lónìí, a ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú 40 tàbí 60, a ó kọjá sí 80, a ó sì parí sí 120, kí a máa tọ ìlà igi lọ, nítorí ojú ọgbẹ́ tí a bá dá ní ìbú yóò hàn lẹ́yìn fáníìṣì. Kí a nu eruku tán. Òróró inú ìrókò a máa dá gbígbẹ fáníìṣì dúró, nítorí náà kí a kọ́kọ́ fi tínà nù ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí a kùn ún, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan nípọn, kí a sì ha á díẹ̀ láàárín ìkùn kan sí èkejì. Kí a má ṣe é ní ọjọ́ tí òjò ṣú. Ẹni tí ó bá lo òróró lín-síìdì dípò fáníìṣì gbọ́dọ̀ tẹ́ àkísà rẹ̀ sóde láti gbẹ, nítorí irú àkísà bẹ́ẹ̀ tí a ká jọ lè gbaná fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ìkùn ìkẹyìn, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ kejì, kí ohun èlò má sì wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n bá ń wọlé, ọ̀rọ̀-ìṣe tí onílé yóò sọ fún alábàárù ni gbé, kì í ṣe wọ́: “Ẹ gbé fíríìjì náà o, ẹ má wọ́ ọ.”