Fọ́tò Olójú Méjì: Ọgbọ́n Iṣẹ́ Ni Tàbí Ìgbádùn?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ojú rí. Ẹ na ìka kan síwájú, ẹ di ojú ọ̀tún. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí i, kí ẹ di ti òsì. Ẹ ó rí i bí ẹni pé ìka náà ṣípò. Ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan ń rí yàtọ̀ díẹ̀. Ọpọlọ ló ń pa méjèèjì pọ̀, tí a fi ń mọ ohun tó wà nítòsí yàtọ̀ sí èyí tó jìnnà.

Charles Wheatstone, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba, ló ṣe àlàyé yìí ní 1838, ó sì fi dígí méjì àti àwòrán afọwọ́yà hàn án. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni aráyé gbọ́ nípa fọ́tò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń wò ó nínú awò tí David Brewster ṣe ní 1849. Ọbabìnrin Victoria rí irú awò bẹ́ẹ̀ ní ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní London ní 1851, ó sì wù ú. Ní 1861, Oliver Wendell Holmes, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣe èyí tó fúyẹ́, tí a lè fi ọwọ́ kan gbé. Kò gba ìwé àṣẹ pé òun nìkan ni yóò máa ṣe é.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní òfin. Àyè tó wà láàárín ojú méjèèjì kámẹ́rà gbọ́dọ̀ sún mọ́ ti ojú èèyàn, bí ínǹṣì 2½. Bí ó bá fẹ̀ jù, àgbàlagbà a dà bí ọmọláńgidi. Bí fọ́tò kan bá ga ju èkejì lọ lórí páálí, orí a máa fọ́ ẹni tó ń wò ó. Bí a bá sì gbé ti ọ̀tún sí òsì, ohun tó wà nítòsí a dà bí èyí tó jìnnà. Nítorí èyí, àwọn kan nínú àwọn tó ń fi fọ́tò yìí ṣe fàájì a máa fi rúlà wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó bojú wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní eré ni àwọn wá ṣe, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbádùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ti Jacques Henri Lartigue, tí wọ́n bí nílẹ̀ Faransé ní 1894. Bàbá rẹ̀, tó rí jájẹ tó sì fẹ́ràn fọ́tò, fún un ní kámẹ́rà nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í lo olójú méjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kan ọkọ̀ onígi, ìbátan rẹ̀ tó ń fò láti orí àtẹ̀gùn: ohun tó dùn mọ́ ọn ló ń yà. Inú ìwé fọ́tò ilé wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà títí di 1963, nígbà tí Museum of Modern Art ní New York pàtẹ wọn. Ó ti di ẹni ọdún 69.

Ẹ má rò pé ìgbádùn nìkan ló ṣe é o. Ẹni tó wà lófuurufú kì í dúró de onífọ́tò. Ọmọ náà ní láti mọ ibi tí ó máa gbà, kó ti tún ojú kámẹ́rà ṣe sílẹ̀, kó má sì pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ìgbádùn ló rán an lọ kọ́ ọgbọ́n iṣẹ́.

Nílé wa náà, fọ́tò méjì lórí páálí kan kì í ṣe àjèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí rẹ̀ yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí láàárín àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti papò dà, onífọ́tò a tẹ fọ́tò èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni, ṣùgbọ́n nítorí ìyá wọn ni.

Ẹ̀yin òbí wa tó wà lẹ́yìn odi, fọ́tò ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síhìn-ín fi mọ bàbá àgbà wọn. Ẹ má dúró de ọ̀gá onífọ́tò kí ẹ tó ya ìyá tó ń rẹ́rìn-ín nídìí ààrò. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ìwọ̀nba ọgbọ́n tí kò ní jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Olódùmarè yóò dá ẹ̀mí wa sí láti wò wọ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wa. Àṣẹ.