Ewéko tó lè gbé inú omi ẹja discus

Odò Amazon ni ẹja discus ti wá. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́, 28 sí 30 Celsius. Ọ̀pọ̀ ewéko tí wọ́n ń tà kì í pẹ́ jẹrà nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń sin ẹja nínú gíláàsì ní Ìṣẹ̀rí-Olófin níbí, ẹ má fowó ṣòfò. Mẹ́ta tí mo fara mọ́ rèé:

1. Anubias barteri: Etí odò inú igbó Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ti ń hù. Orúkọ Charles Barter, tó bá ikọ̀ Baikie wá sí Odò Ọya ní 1857, ni wọ́n fi sọ ọ́. Iná díẹ̀ ti tó o. Ẹ fi òwú so ó mọ́ òkúta tàbí igi. Tí ẹ bá ri ìdí rẹ̀ mọ́ yanrìn, ó máa rà ni.

2. Òṣíbàtà: Ooru ò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ máa gé èyí tó bá fẹ́ bo ojú omi.

3. Echinodorus: Gúúsù Amẹ́ríkà ni tiẹ̀ náà ti wá. Ó fẹ́ yanrìn tó jìn àti ajílẹ̀.

Ẹ má lọ já ojú oró nínú kànáà o! Ìgbín, eṣúṣú àti kẹ́míkà lè bá a wọlé.

Èyí tó ṣe kókó jù: omi tó bá gbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀, ewéko náà sì ń mí lóru. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dákẹ́, gíláàsì tí ewéko kún fọ́fọ́ lè pa ẹja kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ gbin ìwọ̀nba, kẹ́ ẹ sì ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì.