Ta Ló Ni Kọ́bùlà? Ìtàn Èso, Ṣúgà àti Ààrò

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi àpèjẹ ìgbà ooru wa ní pápá Peckham Rye ní oṣù kẹjọ tó kọjá kò ní tíì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ. Mọ́ínmọ́ín wà níbẹ̀, ìrẹsì wà níbẹ̀, dòdò àti ẹran díndín kún inú abọ́. Ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa, tí a bí sí Peckham níbí, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, gbé àwo ńlá kan tó ṣì gbóná wá láti ilé. Kọ́bùlà ni ó wà nínú rẹ̀: èso plum àti blackberry tí a fi ìyẹ̀fun pípò bò lórí, tí a sì yan nínú ààrò títí orí rẹ̀ fi pọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wa kan, tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún, ṣí i wò, wọ́n ní: "Àbúrò, oúnjẹ òyìnbó ni o tún gbé wá síbi àpèjẹ Yorùbá? Ta ni yóò jẹ ẹ́?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, kí a má parọ́. Arábìnrin náà kò fèsì. Ó gbé àwo rẹ̀ padà sílé bí ó ti gbé e wá, a kò sì rí i ní ìpàdé mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Nísinsìnyí àwọn kan ti dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ fi òfin lélẹ̀, pé oúnjẹ Yorùbá nìkan ni kí á máa gbé wá sí àpèjẹ wa. A ó dìbò lé e lórí ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Àwa kò lòdì sí kí á gbé oúnjẹ ilé wa lárugẹ; ẹni tó bá mọ̀ wá mọ ohun tí ojú iyán ń rí lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìtàn ni a ń kọ́ ní yunifásítì, nígbà tí a sì délé lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ "oúnjẹ òyìnbó" yìí kò jẹ́ kí a sùn. Òyìnbó wo? Láti ìgbà wo? Ọwọ́ ta ni ó gbin ohun tó wà nínú rẹ̀, ta ni ó gé e, ta ni ó dúró ti iná? Ohun tí a rí ni a fẹ́ fi tó yín létí kí ẹ tó na ọwọ́ sókè.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò. Kọ́bùlà kì í ṣe oúnjẹ Ìlú Ọba níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó ti wá, lọ́dọ̀ àwọn tó ṣí lọ tẹ ilẹ̀ tuntun dó, tí wọn kò ní ààrò gidi nínú igbó. Nígbà tí yóò fi di 1859, orúkọ rẹ̀ ti wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè Amẹ́ríkà. Ìkòkò irin ni wọ́n ń lò. Wọn yóò da èso sí i, wọn yóò fi ìyẹ̀fun pípò tó nípọn bò ó, wọn yóò gbé e ka orí ẹ̀yinná, wọn yóò dé e, wọn yóò sì kó ẹ̀yinná mìíràn lé orí ọmọrí rẹ̀. Iná lókè, iná nísàlẹ̀.

Ẹ dákun, níbo ni ẹ ti rí irú èyí rí? Ọ̀pọ̀ nínú wa tó dàgbà nílé ló mọ ìyá tàbí ìyá àgbà kan tó ń yan àkàrà òyìnbó nínú ìkòkò: iyanrìn nísàlẹ̀ ìkòkò, agolo lórí iyanrìn, ọmọrí lókè, èédú tó ń jó wìì lórí ọmọrí. Ọgbọ́n kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ má ṣe gbàgbé pé ní Gúúsù Amẹ́ríkà láyé ìgbà náà, nínú ilé àwọn olóko ńlá, àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ni ó ń gbé ìkòkò náà kaná, àwọn náà ni ó ń sọ̀ ọ́. Òyìnbó ni ó jókòó sídìí tábìlì.

Ó wá ku èso. Ẹni tó bá ń rìn ní Rye Lane lónìí, láàárín iṣu, ata rodo, ẹja gbígbẹ àti búrẹ́dì Agege, kò ní mọ̀ pé oko ni àyíká yìí rí. Ní nǹkan bí àádọ́talérúgba ọdún sẹ́yìn, ọgbà èso àti ẹ̀fọ́ ni Peckham. Wọ́n ń gbin ọ̀pọ̀tọ́, èso àjàrà àti mẹ́lọ́ọ̀nù níbẹ̀ fún ọjà Lọ́ńdọ̀nù. Akéwì William Blake ní òun rí àwọn áńgẹ́lì lórí igi ní Peckham Rye nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Àwa kò rí áńgẹ́lì kankan níbi àpèjẹ wa, ìjà aláta nìkan ni a rí.

Àgbẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Joseph Myatt, tó dáko ní Deptford àti ní Camberwell, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Strawberry àti rhubarb ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì jẹ rhubarb rí, igi ewé pupa kan ni, tó kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ lọ. Oògùn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ gbòǹgbò rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí Myatt kọ́kọ́ di ìdì márùn-ún fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ọjà Borough, mẹ́ta péré ni wọ́n rí tà. Kò jáwọ́. Nígbà tí Victoria gorí oyè ní 1837, ó sọ irú rhubarb tirẹ̀ kan ní orúkọ ọbabìnrin náà, ó sì di ohun tí gbogbo ilé ń fi ṣe páì. Pápá Myatt's Fields tí a ṣí ní 1889 ni a fi ń rántí rẹ̀ títí dòní.

Kí ló jẹ́ kí ohun tó kan báyìí tà? Ṣúgà ni. Rhubarb láìsí ṣúgà kò ṣé fẹnu bà, plum àti blackberry inú ààrò náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Bí ṣúgà ti ń pọ̀ sí i tó sì ń dínwó lọ́wọ́ àwọn tálákà Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ onísúgà báyìí ń wọ ilé wọn.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, wọ́n sì dá àwọn ẹrú ilẹ̀ wọn sílẹ̀ láàárín 1834 sí 1838. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a kà ní ilé-ìwé dúró síbẹ̀, bí ẹni pé ìtàn ti parí. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún yẹn gan-an ni ilẹ̀ Yorùbá ń jó. Òwu ti tú. Ọ̀yọ́-Ilé pàápàá tú ní nǹkan bí 1836. Ní 1821 ni wọ́n kó Òṣogùn, ìlú Àjàyí tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó sì bá ara rẹ̀ ní Sàró. Ìtàn rẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀, nítorí pé òun ni ó bọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí kò bọ́, láti Èkó àti Ouidah, dé Bahia, wọ́n dé Cuba.

Lucumí ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Cuba, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni a sì tà sí oko ìrèké. Nígbà ìkórè, tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ tó ń fún ìrèké ń yí, agbada omi ìrèké kì í sì í kúrò lórí iná. Ní oṣù kọkànlá 1843, àwọn ẹrú oko Triunvirato ní agbègbè Matanzas dìde sí àwọn olówó wọn. Obìnrin kan wà lára àwọn aṣáájú wọn, Lucumí ni, Carlota ni wọ́n ń pè é. Wọ́n pa á sínú ìjà náà. Carlota kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Kò ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà, ní 1846, tí ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé owó ibodè tó wúwo lórí ṣúgà ilẹ̀ òkèèrè, títí kan èyí tí ẹrú ṣe, yóò máa dínkù títí yóò fi bá ti ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Ó dọ́gba ní 1854. Ní 1874 wọ́n mú owó ibodè ṣúgà kúrò pátápátá. Ẹ wò ó ná: ìjọba tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ ń lé àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrú kiri létí òkun wa, òun náà ni ó ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà tí àwọn ẹrú ọ̀hún ṣe. Cuba kò dá ẹrú sílẹ̀ títí di 1886, Brazil di 1888. A kò sọ pé gbogbo ṣíbí ṣúgà tó wọ Lọ́ńdọ̀nù ló ti ọwọ́ Yorùbá wá. Ibi púpọ̀ ni ṣúgà ti ń wá, nígbà tó sì di apá ìparí ọ̀rúndún náà, ṣúgà tí a fi beet ṣe ní Jámánì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Yúróòpù gba ọjà. Ohun tí a ń sọ ni pé láàárín ìgbà náà, òógùn àwọn ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà wà nínú àwo àwọn ará ìlú yìí, wọn kò sì mọ̀. Àwa pẹ̀lú kò mọ̀, ìyẹn ni ó dùn wá jù nígbà tí a rántí ẹ̀rín tí a rín.

Ọ̀rọ̀ ààrò ńkọ́? Ọdún 1913 ni ó wù wá jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Lọ́dún náà ni Dókítà Harold Moody, ọmọ Jamaica, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn tirẹ̀ ní Peckham, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀ ọ́ síṣẹ́ níbòmíràn nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ilé rẹ̀ ní Queen's Road di ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò rí yàrá háyà ní Lọ́ńdọ̀nù ń forí lé. Ní 1931 ó dá League of Coloured Peoples sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà a sì máa kó àwọn ọmọdé jáde lọ gba afẹ́fẹ́ nígbà ooru. Ẹ jẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ṣe àpèjẹ.

Ní 1913 kan náà, ọmọ Jamaica mìíràn, Amos Shackleford, gúnlẹ̀ sí Èkó láti ṣe akọ̀wé ní rélùwéè. Ní 1921 ó dá ilé búrẹ́dì tirẹ̀ sílẹ̀. Òun ni ó mú ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun pípò wọ iṣẹ́ náà nílẹ̀ wa; ẹ̀rọ yìí ni ó ń mú kí búrẹ́dì dì, kí ó ṣé fà, bí a ti mọ̀ ọ́n títí dòní. Ọba búrẹ́dì ni wọ́n ń pè é kí ó tó kú ní 1954. Búrẹ́dì kì í ṣe ohun àjèjì pátápátá ní Èkó kí ó tó dé. Kódà nígbà tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, àkàrà ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Shackleford ni ó ti di oúnjẹ òṣìṣẹ́ àti ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de àlìkámà òkèèrè láti 1987 sí 1992, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n lára. Ta ni yóò wá dúró ní Rye Lane lónìí kí ó ní búrẹ́dì Agege kì í ṣe tiwa? Bẹ́ẹ̀ àlìkámà rẹ̀ ti òkèèrè wá, ọmọ Jamaica tí ẹrú ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ó sì kọ́ wa ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é.

A kò ní pẹ́ lórí ìgbà ogun. Ṣúgà wọ ìwé ìpín ní oṣù kìíní 1940, kò jáde títí di 1953. Awólọ́wọ̀ tó wá kọ́ òfin níbí ní 1944, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, ìwé ìpín kan náà ni àwọn pẹ̀lú fi ń jẹun.

Lẹ́yìn gbogbo ìwé kíkà yìí, a lọ sílé arábìnrin wa lọ tọrọ àforíjì. Ìyá rẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn. A dọ̀bálẹ̀. Màmá ní, "Ẹ wọlé, ebi ń pa yín?" Àwọn ni wọ́n kọ́ ọmọ wọn ní kọ́bùlà; etí ọ̀nà Nunhead ni wọ́n ti máa ń ká blackberry lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí owó kò sí, bí àwọn ọmọdé ti ń ṣa ìyeyè ní Ìjẹ̀bú. Wọ́n sì sọ bí a ti ń ṣe é fún wa. Ẹ to èso 800 gíráàmù sínú àwo, ẹ wọ́n ṣúgà ṣíbí mẹ́rin lé e. Ẹ fi ọmọ ìka ra bọ́tà 75 gíráàmù mọ́ ìyẹ̀fun àlìkámà 200 gíráàmù, èyí tí wọ́n ti po ohun tó ń mú un wú mọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ fín-ín-fín àti ṣúgà ṣíbí méjì. Ẹ da mílíìkì tó tó 150 mílílítà sí i, ẹ rò ó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ṣíbí bù ú lé orí èso. Ààrò ní 190, ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe pò ó ní àpòjù. Àwa pò ó bí ẹni ń ro àmàlà, orí rẹ̀ sì le bí orí ahun. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́.

Ìpàdé gbogbogbòò náà yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ní ibi tí a ti máa ń ṣe é. Arábìnrin wa ti ní òun yóò wá. Ẹ̀gbọ́n wa, tí a ti ka ọ̀rọ̀ yìí fún kí a tó fi ránṣẹ́, bi wá léèrè Carlota lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a bá àwọn fi àyè sílẹ̀ nídìí tábìlì. Àwo méjì ni yóò wà níbẹ̀: ọ̀kan plum, ọ̀kan àgbálùmọ̀, nítorí àgbálùmọ̀ ti dé sí Rye Lane. Bí yóò ti rí nínú ààrò, ọjọ́ náà ni gbogbo wa yóò jọ mọ̀.